Irúgbìn Elégédé àti Irúgbìn Igbá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tí Ń Dáko ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà ni àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè irúgbìn elégédé àti ti igbá, àwọn kan lóko, àwọn mìíràn ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣágámù. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń béèrè ni “irúgbìn tó dára”, bí ẹni pé irúgbìn kan ṣoṣo ni ó dára fún gbogbo iṣẹ́. Irúgbìn tí yóò mú owó wá fún ẹni tí ń ta ewé gbọ̀rọ̀ lè jẹ́ àdánù pátápátá fún ẹni tí ó fẹ́ akèrègbè, nítorí náà ni mo ṣe kó àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ jọ síhìn-ín, tí mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ wọ́n láti oko.

Ìbéèrè: Ṣé ohun kan náà ni elégédé àti igbá? Ìtàkùn wọn jọra lójú mi.

Ìdáhùn: Ẹbí kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Igbá, akèrègbè, ahá àti àdó, irú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lagenaria siceraria, ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni ó sì ti ṣẹ̀. Elégédé ní tirẹ̀ jẹ́ Cucurbita, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti wá. Ní Mẹ́síkò, wọ́n ti rí kóró elégédé tí àwọn ènìyàn gbìn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún sẹ́yìn nínú ihò àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Guilá Naquitz. Lẹ́yìn ọdún 1492 tí ọkọ̀ ojú omi ti bẹ̀rẹ̀ sí ná òkun tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti ọ̀dọ̀ wa ni elégédé tó lè dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n lónìí ó ti di ọmọ onílé débi pé orí ààtàn ẹ̀yìn ilé ni ó ń hù sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni òdòdó. Òdòdó elégédé pọ́n rúsúrúsú, àárọ̀ kùtùkùtù ni ó ń là, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti pa dé, oyin ni ó sì máa ń bẹ̀ ẹ́ wò. Òdòdó igbá funfun, ìrọ̀lẹ́ ni ó ń là, àfòpiná tí ń fò lóru ni ó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Bí ẹ bá tún rún ewé igbá lọ́wọ́, òórùn líle kan wà lára rẹ̀ tí kò sí lára ewé elégédé.

Ìbéèrè: Kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ rò kí n tó ra irúgbìn?

Ìdáhùn: Ẹ rò ó láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ara yín pé, lọ́jọ́ tí mo bá kórè, kí ni n óò gbé lọ́wọ́, ta ni yóò sì gbà á lọ́wọ́ mi? Bí ó bá jẹ́ ewé gbọ̀rọ̀ fún ọbẹ̀ ni, irú tí ìtàkùn rẹ̀ sanra, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tí irun ara rẹ̀ sì rọ̀, ni ẹ ń wá, ẹ kò sì nílò láti yọ ara yín lẹ́nu nípa bí èso rẹ̀ ṣe dùn tó. Bí ó bá jẹ́ èso fún sísè ni, ẹ ń wá irú tí inú rẹ̀ le, tí ó pọ́n dáadáa, tí kò lómi púpọ̀, tí ó sì ṣeé kó pamọ́ di ìgbà tí ọjà bá wọ́n. Bí ó bá jẹ́ kóró fún jíjẹ ni, ìwọ̀n kóró inú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ó bá sì jẹ́ igbá ni, èèpo ẹ̀yìn ni ọjà yín, kì í ṣe inú, nítorí náà sísanra èèpo náà àti ìrísí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Mo mọ ẹni tí ó gbin elégédé olómi sí oko ńlá nítorí pé èso rẹ̀ tóbi, ó sì dùn ún wò. Nígbà tí ó gbé e dé ọjà, àwọn ìyá tí ń se elégédé tà bó ọ̀kan wò, wọ́n tẹ inú rẹ̀ ní ìka, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Irúgbìn náà kò ṣe é ní ibi kankan, gbogbo rẹ̀ ni ó hù tí ó sì so, àmọ́ kò bá iṣẹ́ tí ó rà á fún mu.

Ìbéèrè: Irú elégédé wo ni ó bá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ mu jù lọ fún jíjẹ?

Ìdáhùn: Ẹ̀yà mẹ́ta ni ẹ lè bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni Cucurbita moschata, èyí tí púpọ̀ nínú elégédé ìbílẹ̀ wa jẹ́. Ó fẹ́ràn ooru àti ọ̀rinrin, àrùn kì í tètè bò ó mọ́lẹ̀ bí àwọn yòókù, inú èso rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ọsàn. Bí ẹ bá fẹ́ ìdáhùn ní gbólóhùn kan, òun ni mo ní kí ẹ gbìn. Èkejì ni Cucurbita maxima, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Àwọn kan nínú ẹ̀yà yìí dùn gan-an, inú rẹ̀ sì máa ń kúnná, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò gbóná tó tiwa ni ó ti ń ṣe dáadáa jù, ní àdúgbò wa òjò Òkúdù sì máa ń mú kí èso rẹ̀ rà láti abẹ́. Ìdílé yìí ni elégédé Atlantic Giant ti jáde, èyí tí wọ́n ń fi díje ní òkè òkun. Ní ọdún 2023, ọ̀kan wọ̀n tó kílógíráàmù 1,247 ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù máa ń béèrè irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn ni pé ìdíje ni wọ́n ṣe é fún, kò dùn lẹ́nu, ẹni tí yóò rà á ní ọjà Ṣágámù kò sì sí.

Ẹ̀kẹta ni Cucurbita pepo, tí zucchini jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń tètè so, nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn gbígbìn ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí ká a, àwọn ilé oúnjẹ ńlá ní Èkó sì máa ń rà á. Ṣùgbọ́n aláìlera ni níhìn-ín: àrùn tí ń sọ ewé di aláwọ̀ méjì tí ó sì ń ká a jọ máa ń tètè mú un. Ẹni tí kò bá tíì ní oníbàárà lọ́wọ́ kí ó má gbìn ín.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹ̀yà tí elégédé kan jẹ́ nígbà tí mo bá rí i lọ́jà?

Ìdáhùn: Ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ wò, níbi tí èso ti so mọ́ ìtàkùn. Ti moschata le, ó ní igun igun, ó sì fẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìẹ níbi tí ó ti kan èso. Ti maxima rí rubutu, ó sanra, ó sì rọ̀ débi pé èékánná lè wọ inú rẹ̀. Ti pepo le, ó sì ní igun, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ nísàlẹ̀, ewé rẹ̀ lóko sì máa ń gún ọwọ́. Nítorí èyí, ẹ má ṣe ra elégédé tí wọ́n ti gé ọrùn rẹ̀ dànù bí ó bá jẹ́ pé irúgbìn ni ẹ fẹ́ yọ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé irúgbìn inú agolo tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun dára ju tiwa lọ?

Ìdáhùn: Ó dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Butternut, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ moschata, nítorí náà ó ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ wa, èso rẹ̀ kò tóbi ju ohun tí ìdílé kékeré lè jẹ tán lọ, kóró rẹ̀ kò sì pọ̀ nínú. Waltham Butternut, tí ó gba ẹ̀bùn ẹgbẹ́ àwọn olùdán-irúgbìn-wò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1970, ṣì ń ṣe dáadáa di òní, ẹ sì lè yọ irúgbìn rẹ̀ pamọ́ fún ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ F1 sí lára. Àmúlùmálà ìran àkọ́kọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀: wọ́n fi ìyá kan àti bàbá kan tí ó yàtọ̀ síra bí i, gbogbo ọmọ rẹ̀ sì máa ń dọ́gba, ó sì máa ń so dáadáa. Àmọ́ bí ẹ bá yọ kóró inú rẹ̀ tí ẹ tún un gbìn, àwọn ọmọ-ọmọ yóò fọ́n ká, òmíràn yóò jọ ìyá àgbà, òmíràn yóò jọ bàbá àgbà, ẹ kò sì ní rí irú èyí tí ẹ kọ́kọ́ kó. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa ra irúgbìn lọ́dọọdún lè rà á, ṣùgbọ́n fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, irúgbìn ìbílẹ̀ tí ó dára tí a tọ́jú dáadáa ni mo fọwọ́ sí.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára agolo, kí ẹ sì wo bóyá àmì àjọ tí ń bójú tó irúgbìn ní Nàìjíríà wà lára rẹ̀, nítorí òfin ọdún 2019 fún àjọ náà ní agbára láti mú ẹni tí ń ta ayédèrú irúgbìn. Mo ti ra agolo kan rí tí ó ti jókòó sínú oòrùn iwájú ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà pípẹ́, nínú ogún kóró, mẹ́ta ni ó hù. Inú mi bàjẹ́, nítorí òjò ti kọjá kí n tó mọ̀.

Ìbéèrè: Mo yọ kóró inú akèrègbè tí ó rẹwà gan-an, mo gbìn ín, àmọ́ àwọn kan nínú èso náà rí rubutu, àwọn kan kò ní ọrùn, àwọn kan dà bí ahá. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣe ohun tí kò dára, àfi pé ìyá nìkan ni ẹ rí, ẹ kò rí bàbá. Ìrísí èso tí ẹ mú lọ́wọ́, ara ìyá ni. Kóró tí ó wà nínú rẹ̀ ni ọmọ, àfòpiná ni ó sì gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ wá fún ìyá náà lóru láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí aládùúgbò yín bá gbin ahá sí ẹ̀yìn ọgbà, bí ìtàkùn igbá lálẹ̀hù kan bá wà ní orí ààtàn, ó ti tó. Níwọ̀n bí akèrègbè, ahá, igbá àti àdó ti jẹ́ irú kan ṣoṣo, gbogbo wọn ni ó lè fẹ́ ara wọn.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbin igbá sí abẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, mo gbin oríṣi mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nítorí pé mo fẹ́ kí oko náà pé. Ọdún náà dára, gbogbo èso jọ ìyá wọn, mo sì yọ kóró wọn pamọ́ tayọ̀tayọ̀. Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ náà hàn: èso tí kò ṣeé fi pọn omi, tí kò ṣeé dé, tí onílù kò lè fi ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọrùn rẹ̀ kúrú jù fún ọwọ́. Láti ìgbà náà, oríṣi kan ṣoṣo ni mo ń gbìn lọ́dún kan, mo sì ń fi kóró àwọn yòókù pamọ́ sílé de ọdún tiwọn.

Ìbéèrè: Ṣé elégédé lè ba igbá jẹ́ tàbí kí ẹ̀gúsí ba elégédé jẹ́ bí mo bá gbìn wọ́n pọ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Wọn kì í fẹ́ ara wọn. Ẹ lè gbin elégédé kan, igbá kan àti ẹ̀gúsí kan sí oko kan náà láìfòyà. Èyí tí ẹ óò yẹra fún ni gbígbin oríṣi méjì láti inú irú kan, bíi butternut àti elégédé ìbílẹ̀ tí àwọn méjèèjì jẹ́ moschata, bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tọ́jú irúgbìn wọn. Bí ó bá jẹ́ pé jíjẹ nìkan ni, kò sí wàhálà, nítorí èso ọdún yìí kì í yí padà nítorí bàbá.

Ìbéèrè: Oko mi kéré, àwọn aládùúgbò mi sì ń gbin tiwọn. Báwo ni mo ṣe lè pa irú tí mo fẹ́ mọ́?

Ìdáhùn: Bí àyè bá wà, kìlómítà kan láàárín oríṣi méjì ni ó fi ọkàn ẹni balẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí irú àyè bẹ́ẹ̀ fún púpọ̀ nínú wa, ọwọ́ ni a óò fi ṣe iṣẹ́ oyin.

Lára ìtàkùn kan náà ni òdòdó akọ àti abo ti ń yọ. Òdòdó akọ ló máa ń kọ́kọ́ jáde, nítorí náà kí ẹ má ṣe bẹ̀rù bí ẹ bá rí òdòdó fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí èso. Abo ni èyí tí ọmọ èso kékeré wà lábẹ́ rẹ̀. Fún elégédé, ẹ jáde ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wá òdòdó akọ àti abo tí orí wọn ti ń pọ́n ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì là, kí ẹ sì fi òwú di orí wọn pinpin kí kòkòrò kankan má baà wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo mẹ́jọ tó lù, ẹ já òdòdó akọ, ẹ ya ewé rẹ̀ dànù, ẹ tú abo, ẹ fi ìyẹ̀fun akọ náà pa àárín rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì tún un dì. Ẹ so òwú pupa mọ́ ọrùn èso náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe ká a fún ọbẹ̀. Fún igbá, ọ̀nà kan náà ni, àfi pé ọ̀sán ni ẹ óò ti di òdòdó, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ẹ óò sì ṣe iṣẹ́ náà. Akọ tí ẹ lò dára kí ó ti ara ìtàkùn mìíràn nínú oríṣi kan náà wá, kí ìtàkùn tí ẹ ń yọ irúgbìn lára wọn má sì dín ní márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ó ń gba sùúrù, mo gbà. Ṣùgbọ́n èso mẹ́ta tí ẹ bá ṣe báyìí yóò fún yín ní irúgbìn tí ó ju ohun tí ẹ lè gbìn ní ọdún kan lọ, ẹ óò sì mọ bàbá àti ìyá rẹ̀.

Ìbéèrè: Elégédé kan hù fúnra rẹ̀ lórí ààtàn wa, ó sì so dáadáa. Ṣé mo lè jẹ ẹ́, kí n sì gbin kóró rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ gé ègé kékeré kan ní tútù, ẹ fi kan ahọ́n, kí ẹ sì tu ú dànù. Bí ó bá korò, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ nù, ẹ má ṣe sè é, nítorí sísè kì í pa oró tí ń mú un korò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọmọ akèrègbè tútù bí ẹ̀fọ́, àwọn ènìyàn ti kú lẹ́yìn tí wọ́n mu omi èyí tí ó korò, ní Jámánì pẹ̀lú, ọkùnrin àgbàlagbà kan kú ní ọdún 2015 lẹ́yìn tí ó jẹ zucchini kíkorò tí wọ́n gbìn sí ọgbà ilé. Lálẹ̀hù tí ó bá jẹ́ ọmọ àmúlùmálà tàbí tí ó ti bá irú tí ó korò pàdé ni irú èyí sábà máa ń bá. Bí kò bá korò, ẹ jẹ ẹ́. Kóró rẹ̀ ni n kò ní gbìn ní tèmi, àfi bí ẹ bá fẹ́ ẹ fún ewé gbọ̀rọ̀ nìkan.

Ìbéèrè: Oṣù wo ni kí n gbìn?

Ìdáhùn: Ìdáhùn elégédé yàtọ̀ sí ti igbá, ibí yìí sì ni mo ti máa ń bá àwọn ènìyàn jiyàn jù. Elégédé fún jíjẹ, ẹ gbìn ín láàárín ìparí Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe, nígbà tí òjò bá ti dúró dáadáa. Moschata ń gba nǹkan bí 100 sí 120 ọjọ́, nítorí náà ẹ óò máa kórè ní oṣù Agẹmọ àti Ògún, nígbà tí òjò ń sinmi.

Bí ẹ bá gbin igbá ní oṣù Igbe bákan náà, àṣìṣe ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ ń ṣe. Igbá nílò 120 sí 150 ọjọ́ kí èèpo rẹ̀ tó le, lẹ́yìn náà ó tún nílò ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láti gbẹ. Èyí tí ẹ gbìn ní Igbe yóò gbó sínú òjò kejì ní oṣù kẹsàn-án àti Ọ̀wàrà, yóò máa sùn lórí ilẹ̀ tútù, yóò sì rà. Ẹ dúró di ìparí Agẹmọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Ògún kí ẹ tó gbìn ín, òjò kejì yóò tọ́ ọ dàgbà, nígbà tí ó bá sì gbó ní oṣù Ọ̀pẹ, ọyẹ́ ni yóò bá a, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò sì gbẹ ẹ́ fún yín láìná owó. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń fín igbá gbẹ ju tiwa lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá gbọ́ ìgbà tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ kí ó má ṣe mú un wá sí Ìjẹ̀bú bẹ́ẹ̀ láìrò ó.

Ìbéèrè: Irúgbìn mélòó ni mo nílò fún éékà kan?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá fi mítà mẹ́ta sí àárín ebè méjì, tí ẹ sì fi mítà méjì sí àárín ihò méjì, nǹkan bí 670 ihò ni ẹ óò rí. Kóró méjì nínú ihò kan jẹ́ nǹkan bí 1,340; ẹ fi díẹ̀ lé e fún èyí tí kò ní hù. Ilẹ̀ wa ní yanrìn púpọ̀, òjò sì ń fọ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fi ṣọ́bìrì kan ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa sí ihò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ rẹ kóró igbá sínú omi fún ọjọ́ kan, nítorí èèpo rẹ̀ le. Yóò hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kóró elégédé kò nílò rírẹ, kì í sì í ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ.

Ìbéèrè: Níbo ni mo ti lè rí irúgbìn gidi, báwo ni mo sì ṣe lè dán an wò?

Ìdáhùn: Ọwọ́ àgbẹ̀ tí ẹ rí oko rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí níbẹ̀ ẹ óò rí ohun tí ó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní Ìbàdàn, NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní Ìdí-Ìṣin, NACGRAB tí ń tọ́jú irúgbìn ìbílẹ̀ sì wà ní Moor Plantation. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ ńlá lọ́kàn kí ó tọ̀ wọ́n lọ.

Láti dán irúgbìn wò, ẹ ka ogún kóró, ẹ fi aṣọ tí ó tutù wé wọn, ẹ fi wọ́n sínú ọ̀rá ní ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, bí mẹ́rìndínlógún bá hù, ó dára. Bí kò bá tó mẹ́wàá, ẹ má ṣe fi gbin oko.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe tọ́jú irúgbìn mi di ọdún tí ń bọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí èso gbó pátápátá lórí ìtàkùn, kí ẹ sì tún fi elégédé náà sílẹ̀ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó là á, nítorí kóró rẹ̀ ṣì ń yó sí i. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn wà lábẹ́ òjìji, kì í ṣe lórí páánù tàbí kọnkéré nínú oòrùn ọ̀sán. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, tí ó dá pẹ́kẹ́ láì tẹ̀, ó ti gbẹ. Inú ìgò tí ó dé pinpin, pẹ̀lú eérú gbígbẹ tí a ti kù tàbí ìrẹsì tí a yan gbẹ nísàlẹ̀, ni ibùgbé rẹ̀. Ní ibi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, ó lè pé ọdún mẹ́rin; nínú ọ̀rinrin Ìjẹ̀bú, ẹ má ṣe gbójú lé e ju ọdún méjì lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gúsí, ugu àti kànrìnkàn ayaba ńkọ́?

Ìdáhùn: Mọ̀lẹ́bí ni gbogbo wọn. Bàrà, oríṣi ẹ̀gúsí tí ó ń fà nílẹ̀, ń gbó láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ̀gúsí ìtóò ń gun igi, ó ń pẹ́ tó oṣù mẹ́fà, ó sì fara da ilẹ̀ igbó wa dáadáa. Kóró ugu ni kí ẹ má ṣe gbẹ láé, kíkú ni ó ń kú bí ó bá gbẹ; tútù ni a ń gbìn ín. Kànrìnkàn ayaba ń pẹ́ bí igbá, ìgbà kan náà sì ni kí ẹ gbin àwọn méjèèjì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní London fẹ́ gbin akèrègbè sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ní kí n fi kóró ránṣẹ́. Ṣé yóò so?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Ó lè so, bí ó bá gbìn ín sínú ìkòkò nínú ilé ní oṣù Igbe, tí kò sì gbé e jáde títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún. Ibi tí oòrùn ń pa jù, lẹ́bàá ògiri, ni kí ó fi í sí. Àdó àti ahá ni mo ní kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe akèrègbè ńlá, nítorí ìgbà ooru wọn kúrú, èso kékeré sì máa ń tètè gbó. Ẹ má ṣe fi kóró sínú àpò ẹni tí ń rìnrìn àjò láìgba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ àjọ tí ń yẹ irè oko wò ní Nàìjíríà, wọn óò gbà á dànù níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé irúgbìn nìkan ni ó ń pinnu bí ọrùn akèrègbè yóò ṣe rí?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ ti gbọ́ ọ pé akèrègbè ni í júwe ibi tí a óò ti fi okùn sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ náà lè bá a sọ ọ́ ṣáájú. Èyí tí ó bá so rọ̀ láti orí pẹpẹ igi, ìwúwo ara rẹ̀ yóò fa ọrùn rẹ̀ gùn, yóò sì tọ́. Èyí tí ó bá sùn sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ yóò tẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé yóò lè jókòó láìsí òṣùká. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ti ẹmu ni, ẹ ṣe pẹpẹ fún un. Bí ó bá jẹ́ igbá tí yóò jókòó sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sùn, àmọ́ ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì ju ìkúùkù ọwọ́ lọ, torí pé bí ẹ bá yí i padà nígbà tí ó ti tóbi, ọrùn náà lè kán. Ẹ má ṣe fi èékánná dán èèpo rẹ̀ wò nígbà tí ó ṣì tutù, àpá náà kì í lọ mọ́. Ẹ dúró títí ọrùn tí ó fi so mọ́ ìtàkùn yóò fi pọ́n tí yóò sì gbẹ, kí ẹ gé e ti òun ti ọrùn gígùn díẹ̀, kí ẹ gbé e sórí àjà. Ọjọ́ tí ẹ bá mì í tí ẹ gbọ́ kóró tí ń ró nínú rẹ̀ ni kí ẹ tó lu ihò sí i lẹ́nu, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí inú rẹ̀ rọ̀, kí ẹ sì ha á mọ́.